Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ìfẹ́, Owú àti Ìgbéyàwó Nínú Eré Orí Ìtàgé Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

  Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ìkùgbù dá lé. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́, owú àti ìgbéyàwó, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti ṣe é lórí ìtàgé. Kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn àgbà tí ó jókòó síhìn-ín kò ní ìtàn tiwọn láti sọ nípa rẹ̀, bí ìtìjú kò bá dí wọn lẹ́nu.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó da eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ etí òkun wa. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ní oṣù September ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí ìlú yìí. Kí ọdún náà tó parí ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. náà dé, nígbà tí ó sì di oṣù January ọdún 1845, Àjàyí Crowther gúnlẹ̀, ó sì gbé àárín yín fún ọdún kan àti ààbọ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún un. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní àkókò náà ṣì dúró ní Marina títí di òní, gbogbo wa ni a sì ń fi ojú ara wa rí i. Bíbélì nìkan kọ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbé sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Wọ́n kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì dání, wọ́n kó òrùka dání, wọ́n kó òfin ọkọ kan aya kan dání. Ilé-ìwé kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ni ó sì la ọ̀nà fún ilé-ìwé girama, tí ilé-ìwé girama fi gbé Shakespeare lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Láti ọdún 2016 títí dé 2020 ni àjọ ìdánwò WAEC fi eré Othello sí ara ìwé tí àwọn tí ń ṣe lítíréṣọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kà. Ní 2021 ni A Midsummer Night's Dream gba ipò rẹ̀. Àìmọye ọmọ ni ó há a sórí, tí wọ́n sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ tí ìdánwò parí, tí wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yàrá bàbá àti ìyá wọn ni àwọn ń kà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, n ó sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ lè máa fi wọn ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá mú òwe yìí lọ́wọ́ wọ inú eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé owú nìkan kọ́ ni ó ń pa ènìyàn níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí owú kì í jẹ. Ohun tí ń pa wọ́n ni pé ọkọ gbọ́ ẹjọ́ aya rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì dá a tán kí ó tó pe aya jókòó. Níbi tí ẹnìkan bá ti dìde wí pé ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti obìnrin náà, ibẹ̀ ni eré ti ń yí sí ìlàjà. Níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, tàbí tí ó dé nígbà tí ọ̀bẹ ti jáde nínú àkọ̀, ibẹ̀ ni òkú ti ń sùn.

Kí a tó dé ìdí eré fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ìgbéyàwó tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1564 ni a bí William Shakespeare ní ìlú Stratford. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó gbé Anne Hathaway níyàwó ní ọdún 1582, obìnrin náà sì ti tó ẹni ọdún 26. Oyún ti wà nínú rẹ̀, nítorí pé ní oṣù May ọdún 1583 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Susanna, àkọ́bí wọn. Ẹ rí i pé ẹni tí ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí a ń sọ ìgbéyàwó fún lókèèrè. Ní ilẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ó bá ti wọlé ọkọ ti wọlé náà nìyẹn: ìkọ̀sílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, owó àti ẹrù tí obìnrin bá mú wá sì di ti ọkọ. Ó di ọdún 1857 kí wọ́n tó dá ilé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sílẹ̀, ó sì di 1882 kí òfin tó gbà pé obìnrin tí ó wà nílé ọkọ lè ní ohun ìní tirẹ̀ bí ẹni tí kò lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó Yorùbá ìgbà náà ń dá ọjà tirẹ̀ ná, owó rẹ̀ sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé bá gbóná jù, a kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé baba rẹ̀ títí a ó fi wá bẹ̀ ẹ́. Ìgbéyàwó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn dà bí ilé tí ó ní ìlẹ̀kùn àbáwọlé tí kò ní ti àbájáde. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tó láti sọ iná sí òrùlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí Othello, nítorí òun ni baba gbogbo eré owú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún 1604 ni ìwé ààfin kọ́kọ́ dárúkọ eré yìí, nígbà tí wọ́n ṣe é níwájú Ọba James ní Whitehall. Shakespeare kò dá ìtàn náà rò. Inú ìwé ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Cinthio, tí ó jáde ní 1565, ni ó ti rí i, ṣùgbọ́n òun ni ó fi ẹran ara bò ó. Othello jẹ́ balógun, adúláwọ̀ láàárín àwọn òyìnbó ìlú Venice, akọni tí wọ́n ń wá nígbà ogun tí wọn kò sì fẹ́ ní àna nígbà àlàáfíà. Brabantio, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, a máa pè é sí ilé láti wá sọ ìtàn ayé rẹ̀: bí wọ́n ti tà á lẹ́rú, bí ó ti bọ́, bí ó ti la aginjù kọjá. Desdemona, ọmọbìnrin onílé, a máa yára parí iṣẹ́ ilé kí ó lè wá fetí sí i. Láti inú ìtàn wọ̀nyí ni ìfẹ́ ti wọlé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹnu ni balógun fi gba aya, etí ni omidan sì fi yan ọkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà. Lóru ni. Bàbá kò mọ̀, ẹbí kò gbọ́, kò sí alárinà, kò sí ìtọrọ, kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó lè wí lọ́la pé èmi ni mo so yín pọ̀. Nígbà tí Brabantio gbọ́, ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn ìgbìmọ̀, àwọn ìgbìmọ̀ sì ṣe ohun tí ó dára jù lọ nínú eré náà: wọ́n ránṣẹ́ pe Desdemona, wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wí pé òun fẹ́ ọkọ òun tọkàntọkàn, ẹjọ́ parí. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni pe obìnrin náà bi í léèrè ní gbangba kí wọ́n tó dájọ́, ìdájọ́ náà sì tọ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nígbà tí ó ń kúrò níbẹ̀ ni kò dára, nítorí ó kìlọ̀ fún Othello pé ọmọ tí ó tan baba rẹ̀ jẹ lè tan ọkọ rẹ̀ jẹ. Gbólóhùn yẹn wọ etí ẹnìkan tí ń jẹ́ Iago, ó sì pa á mọ́.

Láti Venice ni a kó wọn lọ sí erékùṣù Cyprus, níbi tí Desdemona kò ti ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí kò ní ọ̀rẹ́ àfi Emilia, tí í ṣe ìyàwó Iago. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Iago ni Othello gbẹ́kẹ̀ lé, Iago náà ni ó ń dá ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pé Cassio, igbákejì rẹ̀, ń bá aya rẹ̀ lò. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n burúkú rẹ̀: kì í sọ ọ̀rọ̀ tán. A sọ ìdajì, a gbé ìdajì mì, a ní kí ọ̀gá òun má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, a jẹ́ kí ọkọ fúnra rẹ̀ parí ìyókù nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀nà etí tí ìfẹ́ gbà wọlé náà ni owú gbà wọlé. Nígbà tí Othello bèèrè ẹ̀rí, aṣọ ìnujú kan di ẹ̀rí: aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ tí òun fi ta aya rẹ̀ lọ́rẹ, tí ó bọ́ sílẹ̀, tí Emilia ṣà á, tí ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì lọ jù ú sí yàrá Cassio.

Àwọn kan a máa wí pé Othello kò béèrè. Ó béèrè, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdájọ́ ni. Ó bi aya rẹ̀ pé níbo ni aṣọ ìnujú wà, kò sì sọ ohun tí ó so mọ́ ìbéèrè náà fún un, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi ń bẹ̀bẹ̀ fún Cassio nínú ọ̀rọ̀ kan náà tí ń fi ọrùn rẹ̀ sínú okùn. Ó bi Emilia, Emilia búra pé aya rẹ̀ mọ́. Ó ní Emilia ń purọ́ ni. Ọjọ́ tí Desdemona gbọ́ orúkọ ẹ̀sùn náà àti ẹni tí wọ́n so ó mọ́ pọ̀ ni ọjọ́ tí ó gbọ́ ìdájọ́ ikú rẹ̀, lórí ibùsùn. Kí ni ó sọ níbẹ̀? Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, kí wọ́n bi í. Ìyẹn ni pé ní wákàtí tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, obìnrin náà ń béèrè fún ohun tí ó kéré jù lọ tí a lè fún ọ̀daràn lábẹ́ igi ọ̀dán, ẹlẹ́rìí kan. Othello dá a lóhùn pé ẹnu Cassio ti pa mọ́, nítorí ó rò pé Iago ti pa á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti fún aya rẹ̀ pa ni Emilia wọlé, tí òtítọ́ sì tú jáde. Ọkọ Emilia fi idà gún un nítorí pé ó sọ òtítọ́. Othello fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ aya rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ràn eré yìí, tí wọ́n ń wí pé Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ láti fi hàn pé aláwọ̀ dúdú ni ó ń jowú bí ẹranko. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí ìdáhùn. Fún ìgbà pípẹ́ ni òyìnbó fi ń kun ojú láti ṣe Othello, títí Ira Aldridge, adúláwọ̀ tí a bí ní New York ní 1807, fi ṣe é ní gbọ̀ngàn Covent Garden ní London ní 1833, tí àwọn kan lára àwọn oníwèé ìròyìn sì bú u fún àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí àwọn eré yòókù wò. Claudio àti Ford ará Windsor, tí a ó dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́, kì í ṣe adúláwọ̀. Leontes, ọba Sicilia, òyìnbó ni. Owú tirẹ̀ sì burú ju ti Othello lọ, nítorí pé Othello nílò Iago, Leontes kò nílò ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni Iago ara rẹ̀.

Inú eré tí wọ́n ń pè ní The Winter's Tale ni Leontes wà. Oníṣègùn kan, Simon Forman, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wò ó ní ilé eré Globe ní ọjọ́ 15 oṣù May ọdún 1611. Polixenes, ọ̀rẹ́ ọba láti kékeré, wá kí i, ó sì fẹ́ padà sílé. Ọba bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, ó kọ̀. Hermione ayaba bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Lójú ẹsẹ̀ ni owú gba ọkàn ọba. Ó sọ aya rẹ̀ tí ó lóyún sẹ́wọ̀n, ó ní kí wọ́n lọ gbé ọmọ tí ó bí sọnù sí aginjù, ó pè é síwájú ilé ẹjọ́. Hermione sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gún. Wọ́n ka iṣẹ́ òrìṣà láti Delphi tí ó ní obìnrin náà kò ṣẹ̀. Ọba ní irọ́ ni òrìṣà pa. Kíá ni ìròyìn dé pé ọmọkùnrin rẹ̀ kú, tí Hermione sì ṣubú. Paulina, obìnrin ààfin kan tí kò bẹ̀rù ọba, ni ó wá di ẹlẹ́rìí tí kò fi ọba lọ́rùn sílẹ̀ fún ọdún 16, títí ọmọ tí ó sọnù fi padà, tí ère Hermione tí gbogbo ènìyàn wá wò fi sọ̀kalẹ̀ ní ààyè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó kú kò jí, ọdún 16 tí ó lọ kò sì padà.

Ìgbà kan wà tí eré yìí sọ èdè Yorùbá ní London. Ní oṣù May ọdún 2012, nígbà tí ilé eré Globe pe àwọn òṣèré oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè láti wá ṣe eré Shakespeare ní èdè abínibí wọn, ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó, tí Wọlé Oguntokun jẹ́ olùdarí fún, ṣe é ní orúkọ Ìtàn Ògìnìntìn. Leontes di Ṣàngó, Polixenes di Ògún, Hermione sì di Ọya. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn àwọn baba wa, ẹ ti rí ohun tí wọ́n ṣe. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá ìdí tí Leontes fi jowú láìrí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé Ọya ti ṣe aya Ògún rí kí ó tó di ti Ṣàngó kò ní wá ìdí kankan. Olúkòso, ẹkùn ọkọ Ọya, arábámbí, ti ní ohun tí yóò máa jẹ ẹ́ lọ́kàn kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Lójú tèmi, ìtumọ̀ yìí san gbèsè tí eré náà jẹ wá.

Ti Claudio kò gùn. Nínú Much Ado About Nothing, tí ó jáde ní ìwé ní ọdún 1600, wọ́n tan ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ lóru láti gbà pé Hero, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń bá ọkùnrin mìíràn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Ó dúró di àárọ̀, ó dúró di iwájú pẹpẹ, ó sì dójú tì í níwájú ẹbí. Bàbá ọmọ náà gan-an gbà á gbọ́. Àlùfáà ni ó ní ojú ọmọ yìí kò jọ ojú ẹlẹ́ṣẹ̀, kí wọ́n fara balẹ̀. Beatrice, ìbátan rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ó sì wá mú òtítọ́ wá? Àwọn ọdẹ òru ni, àwọn aláìmọ̀wé tí gbogbo ìlú ń fi ṣẹ̀sín, tí wọ́n gbọ́ nínú òkùnkùn bí àwọn ọ̀daràn ti ń ṣe fọ́nńté iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ni Zàngbétò, ẹ mọ̀ pé ìlú tí ó bá ń ṣọ́ òru rẹ̀ dáadáa a máa gbọ́ ohun tí ọ̀sán kò sọ.

Owú a máa di ẹ̀rín pẹ̀lú. Ford ará Windsor, nínú The Merry Wives of Windsor, pa ara rẹ̀ dà kí ó lè ṣọ́ aya rẹ̀, ó sì tú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí palẹ̀ láti wá àlè nígbà tí àlè ti bá irú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sódò. Nínú The Country Wife tí William Wycherley kọ ní 1675, Pinchwife ti aya rẹ̀ mọ́lé tí ó sì fi aṣọ ọkùnrin wọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi mú un lọ bá ẹni tí ó ń sá fún. Èyí tí ó gún mi lọ́kàn jù ni Corvino, nínú Volpone tí Ben Jonson kọ ní nǹkan bí 1606. Ọkùnrin yìí fẹ́ pa aya rẹ̀ nítorí pé ó yọjú lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé òun lè jogún olówó kan bí òun bá yá a ní aya, ó wọ́ obìnrin náà lọ sí ibùsùn olówó pẹ̀lú ẹkún. Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ owú tí à ń fi orúkọ ìfẹ́ pè, ọ̀rọ̀ ohun ìní ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Gbogbo àwọn obìnrin tí mo ń dárúkọ láti ayé Shakespeare, ọmọkùnrin ni ó ń ṣe wọ́n. Òfin kan kò kọ ọ́, àṣà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní aṣọ obìnrin láàárín wa. Àwọn alágbára ìjọba ti ilé eré pa ní 1642, wọ́n ṣí i padà ní 1660. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù December ọdún náà ni obìnrin kan kọ́kọ́ dúró lórí ìtàgé ẹgbẹ́ òṣèré ńlá ní London, Desdemona gan-an ni ó sì ṣe. Ó ti lé ní ọdún 50 tí Desdemona ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́rìí kí obìnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa, nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀ṣà, bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní Èkó ní 1944, ìṣòro kan náà dojú kọ ọ́: kò sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun di òṣèré, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé e jáde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá. Àwọn tí ó rí, ọkọ a tún wá já wọn gbà kúrò lórí ìtàgé. Ògúndé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ìgbéyàwó tí wọ́n ń ṣe níwájú aṣọ ìtàgé àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ọ̀kan náà.

Láàárín gbogbo eré wọ̀nyí, ìran kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo àfẹ́sọ́nà kà pọ̀. Ní ọdún 1700 ni William Congreve gbé The Way of the World jáde. Millamant fẹ́ràn Mirabell, Mirabell fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin náà tó gbà, ó jókòó tì í, ó ka ohun tí ó fẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ọkọ má ṣe béèrè ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí òun, kí òun lè gba àlejò tí ó wu òun, kí ó máa kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé bá òun. Ọkọ náà ka tirẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yan nǹkan sílẹ̀, wọ́n gbà. Ìdána wa ni ó sún mọ́ èyí jù, àfi pé nínú ìdána, ẹbí ni ó ń sọ̀rọ̀ tí ìyàwó ń kúnlẹ̀. Nínú ti Congreve, àwọn méjèèjì tí yóò gbé inú ilé náà ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí a bá lè fi èkínní kún èkejì, a ó ní ohun tí ó dára.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti etí òkun kì í ṣe ìran Congreve, òfin ni. Ní ọdún 1884 ni ìjọba Èkó gbé òfin ìgbéyàwó jáde, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣe é kò gbọdọ̀ fẹ́ aya mìíràn lábẹ́ àṣà, ogún rẹ̀ yóò sì tọ ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1898, nínú ẹjọ́ Cole àti Cole, ilé ẹjọ́ Èkó dá a pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí olóògbé ṣe ti gbé ogún rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ arákùnrin rẹ̀, ó ti gbé e fún ọmọ. Obìnrin Èkó tí ó lọ́kọ lábẹ́ òfin yìí jèrè nípa ogún. Ṣùgbọ́n ó tún bọ́ sínú ilé ọkọ kan aya kan níbi tí ẹbí ti fà sẹ́yìn, tí ọ̀rọ̀ etí ọkọ sì di ẹjọ́ tí kò ní ìgbìmọ̀. Wọlé Ṣóyínká rí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ṣe The Lion and the Jewel ní Ìbàdàn ní 1959: Lákúnlé, olùkọ́ tí ó ti ka ìfẹ́ nínú ìwé òyìnbó, kọ̀ láti san owó orí Sidi, ó ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò wọ̀ ọ́ létí, Baróka, Baálẹ̀ arúgbó, ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó wulẹ̀ bi Sidi ní ìrọ̀rùn pé kí ni ó fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń wí pé ẹbí Yorùbá ni ó mọ́, tí ìgbéyàwó Gẹ̀ẹ́sì sì burú. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú. Ìtàn Ọbà àti Ọ̀ṣun wà nílẹ̀: Ọ̀ṣun wé gèlè bo etí, ó ní etí òun ni òun gé sínú ọbẹ̀ tí Ṣàngó fi ń fẹ́ràn òun; Ọbà gbọ́ ti ẹnìkan yìí, kò bi Ṣàngó, kò bi ẹnikẹ́ni, ó gé etí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì lé e jáde. Etí tí kò wádìí ni ó sọnù níbẹ̀. Nínú agbo ilé ńlá, Iago kò ṣọ̀wọ́n. Ó lè jẹ́ ìyá ọkọ, ó lè jẹ́ àbúrò ọkọ, ó lè jẹ́ orogún tí ń rẹ́rìn-ín sí ni. Ẹbí wúlò níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ ìjókòó tí a ti ń gbọ́ tọ̀tún tòsì. Bí ó bá di ẹnu ẹyọ kan tí ó pọ̀ ní orí, kò yàtọ̀ sí aṣọ ìnujú inú yàrá Cassio.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kì í ṣe púpọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní Othello, ẹ má ṣe fi mọ sí kí wọ́n mọ ìbéèrè ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó bí ilé ẹjọ́, kí wọ́n pe Cassio, kí wọ́n pe Emilia, kí wọ́n pe Desdemona kí ó tó kú, kí wọ́n sì ṣe é ní èdè Ògù àti ní èdè Yorùbá kí àwọn ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wá wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ àti ọ̀rẹ́ aya, ẹ má ṣe dá ìdajì ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni létí. Ẹ sọ ọ́ tán lójú ẹni tí ó kàn, tàbí kí ẹ gbé e mì. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, owú kò ní ṣàì wá, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ràn nǹkan a máa bẹ̀rù pé kí ó má sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí o kò bá lè kà sí etí ẹni tí o fi kàn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún ọ, kò tíì di ẹ̀sùn; má ṣe dá ẹjọ́ lé e lórí.  Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìfẹ́ wà nínú ilé wa, kí ó sì jẹ́ kí a ní ìgboyà láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wa.